Eyín tí wọ́n fi ohun funfun dí: ọdún mélòó ló yẹ kó lò kó tó bọ́?

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ eyín ni mo gbé wá lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Oṣù kejì ọdún tó kọjá ni akokoro mú mi. Eyín ìsàlẹ̀ ni, lápá ọ̀tún, ìkejì láti ẹ̀yìn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mi ò fi fojú kan oorun. Mo gba ilé ìtọ́jú eyín kan lọ nítòsí ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni, wọ́n ní eyín náà ti kẹ̀, ó sì ti lu. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n dí i. Mo ti sọ fún wọn ṣáájú pé mi ò fẹ́ dúdú tó máa ń hàn bí èèyàn bá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, funfun làwọn máa lò. Nígbà tí mo la ẹnu níwájú dígí, inú mi dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí eyín mi gan-an.

Sátidé tó kọjá, mo ń mu gaàrì Ìjẹ̀bú pẹ̀lú ẹ̀pà, nǹkan kan bá ró kàù lẹ́nu mi. Mo rò pé òkúta inú gaàrì ni. Mo tu ú sí àtẹ́lẹwọ́. Ohun funfun kan ni, kò ju hóró ìrẹsì lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ti pọ́n bí omi tíì. Mo fi ahọ́n kan eyín mi, ihò ni mo bá.

Oṣù 14 péré! Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn? Ọ̀rẹ́ mi kan ní funfun kì í pé ọdún méjì, pé kí n lọ fi dúdú dí i, tàbí kí n kúkú yọ ọ́ kí n sinmi. Mi ò fẹ́ yọ eyín o. Ẹni ọdún 41 ni mí. Mo ṣì tọ́jú èyí tó bọ́ yẹn sínú ọ̀rá, tí wọ́n bá lè dá a padà síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Súrùlérè

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Tèmi wà lẹ́nu mi láti ọdún 2014, kò yẹ̀, kò mì. Etí rẹ̀ ti pọ́n díẹ̀ nítorí kọfí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ọ̀rọ̀ pé funfun kì í pé ọdún méjì yẹn, kì í ṣe òótọ́. Ẹ má yọ eyín yín.

Olùtọ́jú Eyín

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà mà. Iṣẹ́ ìtọ́jú eyín ni mo ń ṣe, ó ti tó ọdún 11. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n dí eyín yẹn dáadáa. Ṣé òórùn kànáfùrù wà lẹ́nu yín nígbà tí wọ́n parí? Ṣé wọ́n fi nǹkan kan pa inú ihò náà, tí wọ́n fi omi ṣàn án kúrò, tí wọ́n wá fẹ́ atẹ́gùn sí i? Ṣé wọ́n tan iná búlúù kan sí yín lẹ́nu? Àbí wọ́n po nǹkan pọ̀ lójú yín?

Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé àwọ̀ ni funfun, kì í ṣe orúkọ. Ó kéré tán, oríṣi ohun funfun mẹ́ta ni wọ́n lè fi sí èèyàn léyín, ọ̀kan ò sì pẹ́ tó ìkejì.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Ẹ ṣé gan-an o, Olùtọ́jú. Mi ò gbọ́ òórùn kànáfùrù. Kò sí iná búlúù rárá. Ohun tí mo rántí ni pé nọ́ọ̀sì da ìyẹ̀fun díẹ̀ sórí pépà kékeré kan, ó kán omi kan sí i, ó sì fi ọ̀bẹ ike pò ó kíákíá bí ẹni ń po ògì ọmọ tuntun. Dókítà fi í sínú ihò, ó wá fi vaseline pa ìka ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò tètè gbé ìka kúrò. Ó ní kí n má jẹ nǹkan kan fún wákàtí kan. Òwú tí wọ́n ki bọ ẹ̀gbẹ́ ahọ́n mi ti rin gbindin kí wọ́n tó parí, wọn ò pààrọ̀ rẹ̀.

Olùtọ́jú Eyín

Ẹ ṣé mà, ẹ ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Glass ionomer ni wọ́n fi dí i fún yín. Ìyẹ̀fun àti omi tó ní ásíìdì nínú ni wọ́n máa ń pò pọ̀, á sì le fúnra rẹ̀ láìlo iná. Ìka tó ní vaseline yẹn ló jẹ́ kó dá mi lójú. Ọ̀nà ìdíyín kan wà tí kò nílò ẹ̀rọ tàbí iná mànàmáná: irinṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń ha ibi tó kẹ̀ kúrò, wọ́n á sì fi ìka tẹ glass ionomer wọnú ihò. Tanzania ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1980, kí àwọn ará abúlé tí kò ní iná lè rí ìtọ́jú gbà dípò kí wọ́n máa yọ eyín ṣáá. Àwọn kan a máa fi ẹ̀rọ gbẹ́ ihò kí wọ́n tó fi ìka tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe fún yín.

Nítorí náà wọn ò fi ayédèrú sí yín lẹ́nu. Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi glass ionomer kún àwọn oògùn kòṣeémáàní. Ó ń tú fluoride, èròjà tó ń dáàbò bo eyín, sára eyín díẹ̀díẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ eyín fúnra rẹ̀, ó sì dára gan-an fún eyín ọmọdé àti fún ihò tó wà létí èrìgì. Agbára ni kò ní tó. Bí ihò bá fẹ̀, tó gba orí eyín dé ẹ̀gbẹ́ ibi tí eyín méjì ti fara kanra, tí a sì ń fi eyín náà fọ́ ẹ̀pà lójoojúmọ́, ó sábà máa ń sán. Tí itọ́ bá tún wọ̀ ọ́ kó tó le, ó burú sí i. Oṣù 14 kò yà mí lẹ́nu.

Èyí tó ń rùn bíi kànáfùrù, fún ìgbà díẹ̀ ni. Òróró kànáfùrù gan-an ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn ló ń mú kí eyín tó ń dunni rọlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀ ni wọ́n fi í sí, kí èèyàn padà wá kí wọ́n fi ojúlówó dí i. Ó máa ń dùn mí, torí ọ̀pọ̀ kì í padà wá nígbà tí ìrora bá ti lọ. Ọdún kejì ni wọ́n á tó dé, eyín á ti jẹrà dé iṣan, wọ́n á ní funfun ò dára.

Ẹ̀kẹta ni composite. Òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní lọ́kàn bí wọ́n bá ní kí wọ́n fi ohun tó dà bí eyín dí i fún àwọn. Ike tó ní lúbúlúbú gíláàsì nínú ni, iná búlúù ló ń mú un le. Ní 1955, Michael Buonocore ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí wọ́n bá fi ásíìdì pa ara eyín, ike á lè dì mọ́ ọn. Rafael Bowen, ará Amẹ́ríkà náà ni, ló ṣe ike tí composite òde òní ti wá, ọdún 1962 ni wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀rí pé òun ló ni ín.

Composite tí wọ́n ṣe dáadáa, ẹ fọkàn sí ọdún 5 sí 10, ọ̀pọ̀ a sì máa kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé eyín ẹ̀yìn tí wọ́n fi composite dí fún ọ̀pọ̀ ọdún rí i pé nínú 100, nǹkan bí 1 sí 3 ló ń bàjẹ́ lọ́dún. Ohun méjì ló sábà máa ń bà á jẹ́: kí eyín tún kẹ̀ létí ibi tí wọ́n dí, tàbí kí ó sán.

Èyí tó wà nínú ọ̀rá yẹn, kò ṣeé dá padà. Ẹ mú un dání lọ, kí dókítà rí ẹ̀yìn rẹ̀ tó pọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ nílé. Ẹ máa fi omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ tó níyọ̀ yọ ẹnu, ẹ máa fi apá òsì jẹun, kí ẹ sì lọ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Mo tún bẹ gbogbo ẹni tó ń ka èyí: ẹ má fi omi bátìrì tàbí aṣáà sí ihò eyín. Omi bátìrì kì í wo eyín sàn, ara eyín àti èrìgì ló ń jó.

Bàbá Òṣogbo

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Ọdún 1988 ni wọ́n fi dúdú dí eyín méjì fún mi. Dókítà tó dí i ti fẹ̀yìn tì, eyín náà ṣì wà. Mo ṣì ń fi í jẹ eegun ẹran. Kí ló dé tí gbogbo ayé ń sá fún un báyìí? Wọ́n ní mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀, ọmọ mi tó wà lókè òkun sì ń dààmú mi pé kí n lọ yọ ọ́.

Olùtọ́jú Eyín

Bàbá, ẹ kú àgbà o, ẹ kú ìtọ́jú ara. Ẹ má yọ ọ́ sà. Òótọ́ ni pé nǹkan bí ìdajì amalgam, ìyẹn dúdú tí ẹ ń wí yẹn, jẹ́ mẹ́kúrì, tí wọ́n pò mọ́ fàdákà, tánganran àti bàbà. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti le, tí ara rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá, ewu tó wà nínú gbígbẹ́ ẹ jáde ju ewu fífi í sílẹ̀ lọ. Oòru mẹ́kúrì máa ń jáde bí wọ́n bá ń gbẹ́ ẹ, wọ́n á sì tún ha lára eyín yín tó dára kúrò. Ohun tí FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, náà sọ lọ́dún 2020 nìyẹn: kí aboyún, abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú, ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 6 àti àwọn tí kíndìnrín wọn ń yọnu yẹra fún amalgam tuntun bó bá ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má yọ èyí tó ṣì dára nítorí ìbẹ̀rù.

Ìdí tí ayé fi ń kúrò lórí rẹ̀ ni ilẹ̀ àti omi tí mẹ́kúrì ń bà jẹ́. Àdéhùn Minamata tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí mẹ́kúrì lọ́dún 2013 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, àwọn orílẹ̀-èdè European Union ti fòfin dè é, àfi tí dókítà bá rí i pé aláìsàn nílò rẹ̀ gidi.

Tí a bá ní ká sọ òótọ́, ní eyín ẹ̀yìn, amalgam ṣì ń pẹ́ ju composite lọ. Lọ́dún 2014, Cochrane, àjọ tó ń yẹ ìwádìí ìlera wò, kó àwọn ìwádìí jọ, ó sì rí i pé composite bàjẹ́ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì amalgam ní eyín ẹ̀yìn àgbà. Mi ò ní fi ìyẹn pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ amalgam kì í lẹ̀ mọ́ eyín. Wọ́n ní láti gbẹ́ eyín tó dára kún un kó lè ríbi há sí. Composite kò nílò ìyẹn, ibi tó kẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbẹ́. Bó bá sì sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n lè tún ibẹ̀ nìkan ṣe láìkó gbogbo rẹ̀ kúrò. Àǹfààní ńlá nìyẹn, torí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kó ohun tí wọ́n fi dí eyín kúrò, ihò náà máa ń fẹ̀ sí i.

Àdùkẹ́ Peckham

Ẹ káàsán o. Fún àwa tó wà ní England: lábẹ́ NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba, Band 2 (ìpele owó kejì) ni dídí eyín wà. Nígbà tí mo ṣe tèmi ní 2025, £75.30 ni mo san, iye kan náà sì ni bóyá ẹyọ kan tàbí mẹ́rin ni wọ́n dí nínú ìtọ́jú kan ṣoṣo. Dókítà ló ń pinnu ohun tó yẹ eyín. Tí ẹ bá fẹ́ funfun ní eyín ẹ̀yìn nítorí ẹwà nìkan, wọ́n lè ní kí ẹ san owó àdáni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀: bí ohun tí wọ́n fi dí eyín lábẹ́ NHS bá bàjẹ́ láàárín oṣù 12, ibi kan náà tí wọ́n ti ṣe é gbọ́dọ̀ tún un ṣe láìgba owó, àyàfi tí wọ́n bá ti kìlọ̀ fún yín pé fún ìgbà díẹ̀ ni, tàbí tí ẹ bá ti lọ ṣe é níbòmíì. Tèmi sán ní oṣù kẹjọ. Ẹni tó wà níbi tábìlì ní kí n san owó tuntun. Mo rọra sọ òfin yẹn fún un, ó wọlé lọ béèrè, wọ́n sì tún un ṣe. Ẹ máa tọ́jú rìsíìtì yín.

Kọ́lá Houston

Mo fẹ́ fi ti Amẹ́ríkà kún un. Ọ̀pọ̀ ìwé adójútòfò eyín níbí ló ní gbólóhùn kan nínú pé bí wọ́n bá fi composite dí eyín ẹ̀yìn, iye owó amalgam làwọn máa san, kí ẹ fi ìyókù kún un lápò ara yín. Kì í ṣe dókítà ló ń rẹ́ yín jẹ. Ẹ béèrè kí ẹ tó jókòó sórí àga. Wọ́n tún máa ń ka ojú eyín, ìyẹn orí tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ihò kàn: èyí tó gba ojú kan kò wọ́n tó èyí tó gba ojú mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n Súrùlérè

Olùtọ́jú, ẹ ṣàlàyé fún àwa tí a kì í ṣe dókítà: kí lèèyàn lè fojú rí tàbí gbọ́ lórí àga yẹn tó máa jẹ́ kó mọ̀ pé wọ́n ń ṣe composite yìí dáadáa?

Olùtọ́jú Eyín

Ìbéèrè tó dára jù lọ nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀.

Gbígbẹ. Ọ̀tá composite ni itọ́. Àwọn kan máa ń na aṣọ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bo ẹnu, tí eyín tí wọ́n fẹ́ dí nìkan á yọrí gba inú rẹ̀. Kì í rọrùn fún ẹni tó wà lórí àga, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí ẹ lò ó, ẹ gbà, ire yín ni. Níbi tí wọn ò bá ti ní i, òwú gbígbẹ tí wọ́n ń pààrọ̀ léraléra àti ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ náà lè ṣe é, tí olùrànlọ́wọ́ bá gbájú mọ́ ọn. Bí òwú bá rin, ẹ nawọ́ sókè. Kò sí àrífín níbẹ̀.

Wọ́n á fi ásíìdì pa ara eyín, tó sábà máa ń jẹ́ búlúù bí áró, wọ́n á ṣàn án kúrò, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i. Tí ó bá mú un, ara eyín á funfun kú bí ẹfun. Bí itọ́ kan bá kàn án lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ composite ti ń bàjẹ́ kó tó dọ́jọ́ tó máa bọ́, torí ẹni tó ń kánjú kò ní fẹ́ padà sẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á pa oje tó ń lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á wá máa fi composite sí i ní ìpele ìpele, kí ìpele kan má ju nǹkan bíi mílímítà 2 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oríṣi tuntun kan wà tó ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á tan iná sí ìpele kọ̀ọ̀kan, ó sábà máa ń tó ìṣẹ́jú àáyá 20. Ẹ máa gbọ́ bó ṣe ń ké pìì, pìì. Ìdí tí wọn kì í fi kó o sí i lẹ́ẹ̀kan ni pé composite máa ń sún kì díẹ̀ bó bá ń le, nǹkan bí 2 sí 3 nínú 100. Tí wọ́n bá rọ gbogbo rẹ̀ sínú ihò jíjìn lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè fà kúrò lára eyín, àlàfo tí ojú ò rí á sì wà níbẹ̀ tí kòkòrò àrùn á gbà wọlé. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà lè má le tán.

Àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí nílé mọ ọ̀rọ̀ iná yẹn dáadáa. Bátìrì ni ọ̀pọ̀ fìtílà náà ń lò báyìí. Bí NEPA bá gbé iná láti àná, tí wọn ò gba fìtílà náà lágbára dáadáa, tàbí tí composite gbígbẹ ti lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀, ojú òkè nìkan ló máa le, inú á rọ̀ bí amọ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń wọn agbára iná yẹn, ilé ìtọ́jú tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ máa ń lò ó déédéé.

Ní ìparí, wọ́n á fún yín ní bébà aláwọ̀ kan jẹ, kí wọ́n mọ ibi tó ga. Èrìgì yín ti kú nígbà yẹn nítorí abẹ́rẹ́, ẹ lè má mọ̀ ọ́n lára. Tó bá di ọ̀la tí ẹ rí i pé eyín yẹn ló ń kọ́kọ́ kan èkejì, ẹ padà lọ kíá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n á fi gé ibi tó ga náà kúrò. Kí omi tútù máa ta á fún ọjọ́ díẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ méjì, ìyẹn kì í ṣe ewu. Ìrora tó ń jí yín lóru ni kí ẹ má fara mọ́.

Ọmọge Èjí

Ẹ jọ̀ọ́, tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Mo ní èjí láti kékeré, màmá mi àgbà ń fi kí mi lóríkì. Ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ kẹ̀ lápá méjèèjì, wọ́n ní composite làwọn máa fi dí i. Mo fẹ́ kí èjí mi wà bó ṣe wà. Mo tún fẹ́ kí eyín mi funfun sí i. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Olùtọ́jú Eyín

Àbúrò mi, sọ fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ pé o fẹ́ èjí rẹ. Àwọn kan máa ń rò pé àǹfààní ni kí àwọn bá èèyàn dí i pa, torí àwọn kan ń san owó fún ìyẹn. Wọ́n lè tún ẹ̀gbẹ́ eyín kọ̀ọ̀kan mọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí àlàfo náà wà. Bó o bá sì fẹ́ fọ eyín funfun, ìyẹn ni kó ṣáájú, kó o dúró tó bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n tó dí i. Oògùn tó ń sọ eyín di funfun kì í ṣiṣẹ́ lára composite. Bó o bá fi èyí tó yẹ kó gbẹ̀yìn ṣáájú, àwọ̀ méjì ló máa wà níwájú ẹnu rẹ. Má sì máa fi ẹedú lọ̀ ọ́ o, ó ń ha dídán rẹ̀ kúrò.

Tísà Ìlọrin

Ṣé orín ń ba composite jẹ́? Mi ò lè fi orín àtà mi sílẹ̀.

Olùtọ́jú Eyín

Kò bà á jẹ́ sà. Ẹ rún ẹnu rẹ̀ kó rọ̀, ẹ má fi ipá fà á kọjá létí èrìgì. Ṣùgbọ́n ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride kún un lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìkan gbọ́dọ̀ jẹ́ alẹ́ kí ẹ tó sùn. Tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ tu ìfofò dànù, ẹ má fi omi yọ ẹnu, kí fluoride lè dúró lára eyín.

Ọ̀rọ̀ ṣúgà ló jù. Kì í ṣe bó ṣe pọ̀ tó nìkan, iye ìgbà tó kan eyín náà ṣe pàtàkì gan-an. Ẹni tó mu ẹlẹ́rìndòdò ìgò kan tán lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú oúnjẹ kò ṣe eyín rẹ̀ ní jàǹbá tó ẹni tó ń mu ún díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má fi eyín ṣí ìdérí ìgò. Àwọn tó máa ń lọ eyín lójú oorun náà, tí ìyàwó tàbí ọkọ ń gbọ́ ọ, kí wọ́n sọ fún dókítà. Ike kan wà tí wọ́n ń kì bọ eyín lóru, òun ló máa jẹ́ kí ohun tí wọ́n dí pẹ́.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti lọ, mo ti dé, mo sì jẹ yín ní ìròyìn.

Ilé ìwòsàn olùkọ́ni ni mo lọ. Mo tètè dé, síbẹ̀ ó di ọ̀sán kí ó tó kàn mí. Dókítà obìnrin kan ni, kò lè ju ẹni ọdún 30 lọ. Ó wo èyí tí mo gbé wá nínú ọ̀rá, ó yí i padà lábẹ́ iná, ó ní ẹ̀yìn tó pọ́n yẹn fi hàn pé nǹkan ti ń wọ abẹ́ rẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò eyín náà. Eyín ti kẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò tíì dé iṣan. Ó ní bí mo bá fi sílẹ̀ di ìparí ọdún ni, kì bá ti jẹ́ ọ̀rọ̀ dídí mọ́.

Ó na aṣọ rọ́bà bò mí lẹ́nu. Àyà mi já díẹ̀, mo ṣe bí ẹni pé mi ò ní lè mí, ó ní kí n máa fi imú mí, mo sì rí i pé mo lè mí. Mo ka ìgbà tí iná yẹn ké: ìpele mẹ́rin ni. Nígbà tí ó fi bébà pupa sí mi lẹ́nu, ó gé ibì kan, ó tún fi sí i, ó tún gé e, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kí n tó dìde, mo béèrè orúkọ ohun tí ó fi dí i. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn èèyàn kì í béèrè. Ó kọ ọ́ sórí káàdì mi: composite, ojú méjì, àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ó ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù 6 kí wọ́n wò ó.

Mo mú àwọn ìbejì lọ, ọmọ ọdún 7 ni wọ́n. Eyín Táíwò dára. Kẹ́hìndé ní ihò kékeré kan ní eyín ẹ̀yìn. Mo ní ṣebí eyín ọmọdé ni, ó máa tó yẹ̀. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n eyín yẹn ṣì máa tó ọdún 3 tàbí 4 lẹ́nu kó tó yẹ̀. Ó tún fi eyín kan hàn mí lẹ́yìn rẹ̀ gan-an tí mo ti rò pé eyín ọmọdé ni òun náà: ní nǹkan bí ọmọ ọdún 6 ló máa ń hù láìjẹ́ pé eyín kankan kọ́kọ́ yẹ̀ fún un, kò sì ní òmíràn tó máa rọ́pò rẹ̀ títí ayé. Mi ò mọ̀ rí.

Wọn ò fún Kẹ́hìndé ní abẹ́rẹ́, wọn ò tan ẹ̀rọ. Irinṣẹ́ kékeré kan báyìí ni ó fi ha á. Nọ́ọ̀sì da ìyẹ̀fun sórí pépà, ó kán omi sí i, ó pò ó. Dókítà fi vaseline pa ìka rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Òwú ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Mo mọ ohun tó jẹ́ kí wọ́n tó sọ fún mi, mo sì ní kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sórí káàdì tirẹ̀ náà.